Ta Ló Ń Mu Ẹ̀jẹ̀ Sípírin?

Orí ìdúró ni onígbàjámọ̀ wà nígbà tí ikú wá bá a. Ó ti so aṣọ funfun mọ́ ọrùn oníbàárà kan, ó ti gé apá ọ̀tún orí ọkùnrin náà, apá òsì ló kù. Ó ní kí ó dákun, inú òun ń rú díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ bàsíà tó fi ń fọ abẹ, ohun tó sì ti ẹnu rẹ̀ jáde kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ni, pupa fòò. Ó kún bàsíà, ó sì dà sílẹ̀. Oníbàárà fò dìde, ó sá jáde pẹ̀lú orí ààbọ̀, kò dúró títí ó fi dé ilé rẹ̀. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé onígbàjámọ̀, ó ti dákẹ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Kò mu ọtí, kò fa sìgá, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyẹn gan-an ló ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Bó bá jẹ́ ọ̀mùtí ni, àdúgbò ìbá ti rí ohun tí wọn yóò sọ, wọn ìbá sì ti gbàgbé. Nígbà tí wọn kò rí nǹkan kan dì mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ènìyàn kan.

Ìyá Ẹlẹ́yin ló bá wọn rí i. Ọ̀kánkán ilé olóògbé ni Ìyá Ẹlẹ́yin ti ń ta ẹyin, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára ilé náà àfi bó bá ń ka ẹyin fún oníbàárà.

"Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan o," ó wí fún àwọn tó dúró yí àtẹ rẹ̀ ká. "Ta ló gbé fúláàsì tíì wọ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ náà? Kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dá mi lóhùn."

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìyàwó àbúrò olóògbé ni, alágbàfọ̀ tó ń fọṣọ ní ẹ̀yìnkùlé ilé kan náà. Òun ló gbé tíì lọ. Òun náà ló kó aṣọ tí ẹ̀jẹ̀ bà jẹ́ lọ́jọ́ náà, tó fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun bíi pé nǹkan kan kò dà sí i rí. Nígbà tí Ìyá Ẹlẹ́yin bi í bó ṣe ṣe é, ó ní omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀, pé omi gbígbóná ló ń mú un lẹ̀ mọ́ aṣọ.

"Ẹ ò rí i bó ṣe mọ tinú tòde ẹ̀jẹ̀," ni Ìyá Ẹlẹ́yin wí nígbà tí obìnrin náà kọjá. Láti ọjọ́ yẹn lọ ni àwọn kan ti ń gba ojú ọ̀nà mìíràn bí wọ́n bá rí i tó ń bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n àgbà olóògbé kò kọ́kọ́ dá sí i. Bàbá Aago ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí ogójì ọdún ló ti ń tún aago ṣe ní yàrá iwájú ilé náà. Ìyá kan náà ló bí àwọn mẹ́ta: òun, onígbàjámọ̀ tó kú, àti àbíkẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń pè ní Sípírin, bíi sípírin inú aago, nítorí pé ó tín-ínrín, kì í sì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Sípírin ti kọ́ṣẹ́, tábìlì kan náà ni wọ́n sì jọ ń lò. Bàbá Aago ló tọ́ ọ dàgbà. Ó fẹ́ràn rẹ̀ kọjá ohun tó lè fẹnu sọ, kò sì sọ ọ́ rí, nítorí kò sí ìgbà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Nísinsìnyí àbúrò kan ṣoṣo ló kù fún un láyé, ẹ̀rù kan ṣoṣo ló sì ń bà á: kí wọ́n má tún gbé òkú kejì jáde nílé náà.

Oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́sàn-án gangan, Sípírin bi ẹ̀jẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ kò ké. Bàbá Aago rántí èyí dáadáa lẹ́yìn náà, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń ké bí ọmọdé. Obìnrin náà tẹ́ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ̀jẹ̀ má bàa há a lọ́fun, ó sáré dá ọkọ̀ dúró, wọ́n sì lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò nílé ìwòsàn tó wà ní ìlú ńlá. Nígbà tí Sípírin padà dé, ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọlé.

"Ọgbẹ́ inú ni wọ́n pè é, Ẹ̀gbọ́n," ó wí, ó sì yí ojú sí ara ògiri. Bàbá Aago dúpẹ́, kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Ó yẹ kí ẹ mọ nǹkan kan nípa Bàbá Aago. Kò lè fọwọ́ kan ohun tó ń lù kó má kà á. Ogójì ọdún tó ti ń gbọ́ kí-kí-kí ló fà á. Láti ìgbà tí Sípírin ti wà ní kékeré, bí ara ọmọ náà bá gbóná, ẹ̀gbọ́n á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, á gbé aago sójú, á ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Méjìlélọ́gọ́rin ló máa ń jẹ́ láti ìgbà tó ti dàgbà, ó lé ni tàbí ó dín díẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹlòmíràn ṣe ń mọ ọjọ́ orí ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí Sípírin dé, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kà á. Méjìdínlọ́gọ́ta.

Ó gbọn aago, ó tún kà á. Méjìdínlọ́gọ́ta. Ó lọ mú aago mìíràn wá látorí tábìlì, aago tó dá a lójú ju orí rẹ̀ lọ. Méjìdínlọ́gọ́ta náà ni.

Lójú ẹni tó ń tún aago ṣe, aago tó bá ń falẹ̀ ń kú lọ ni. Bí kò bá jẹ́ pé ó ti gbó, a jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣí i lẹ́yìn, ó ti fọwọ́ yí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bàbá Aago kò mọ ọ̀nà mìíràn láti fi ro ọ̀rọ̀ náà. Sípírin kò sì tíì gbó, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, obìnrin náà á mú agolo súìtì kan jáde láti abẹ́ aṣọ tó ń lọ̀, á mú hóró oògùn funfun kan nínú rẹ̀, á fi sí ọwọ́ ọkọ rẹ̀, kò sì ní kúrò níbẹ̀ títí yóò fi gbé e mì. Agolo yẹn kò ní orúkọ oògùn kankan lára, àwòrán súìtì ló wà níbẹ̀.

"Ìyàwó, kí lò ń fún un yìí?"

"Oògùn ẹ̀ ni, Bàbá."

"Oògùn kí ni?"

Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀. Sípírin ń wo àjà.

"Ti inú ni, Bàbá."

"Páálí ẹ̀ dà?"

"Omi fọṣọ dà sí i. Mo ti sọ ọ́ nù."

Irọ́ ni. Obìnrin náà kò mọ irọ́ pa, ojú rẹ̀ ti sọ ọ́. Bàbá Aago jókòó ti tábìlì rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, kò tún aago kan ṣoṣo ṣe.

Lọ́jọ́ kejì Ìyá Ẹlẹ́yin wá bá a. Ó ní òun gbọ́ ohùn ẹyẹ nínú ilé náà nírọ̀lẹ́ àná, nígbà tí oòrùn ń wọ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án gbáko, kò sì sí igi kankan nítòsí. Ó ní ara òun bù máṣọ. Bàbá Aago mọ ẹyẹ tó gbọ́. Aago oníbàárà kan ni, ère ẹyẹ onígi ló máa ń yọrí jáde láti inú rẹ̀ tó máa ń dún bí wákàtí bá pé, ó sì ti bà jẹ́ débi pé mẹ́sàn-án ló ń dún ní aago mẹ́fà. Ó wà lórí tábìlì, kò jìnnà sí ibi tí Ìyá Ẹlẹ́yin dúró sí. Gbólóhùn kan péré ni ìbá fi tú ọ̀rọ̀ náà ká. Ó la ẹnu, ó sì pa á dé. Ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ gbà á gbọ́ ná, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn, kò sì fẹ́ ohun tí yóò dí i lọ́wọ́.

"Obìnrin yẹn tún ń jáde lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀," ni Ìyá Ẹlẹ́yin wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ẹ tẹ̀lé e, ẹ ó rí nǹkan."

Ó tẹ̀lé e. Àgbàlagbà ọlọ́gọ́ta ọdún ń yọ́ rìn lẹ́yìn ìyàwó àbúrò rẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ojú ń tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúró. Obìnrin náà wọ ilé kan lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ilé obìnrin tí wọ́n ń pè ní Tíṣà. Bàbá Aago dúró sí abẹ́ fèrèsé. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, wọn kò sì tíì tan iná. Ó yọjú, ó ka orí obìnrin méje tó jókòó yí tábìlì ká.

"Ta ló kàn?" Ohùn Tíṣà nìyẹn.

"Kì í ṣe èmi o," ni ẹnì kan dáhùn. "Kò tíì ju oṣù kan àbọ̀ lọ tí mo mú tèmi wá. Ara mi ò tíì padà bọ̀ sípò."

"Alágbàfọ̀ ńkọ́?"

"Mo ti ṣe tán." Ohùn ìyàwó rọlẹ̀, kò sì gbọ̀n. "Ẹ̀jẹ̀ méjì ni mo jẹ ẹgbẹ́. Ọ̀kan á kúrò lọ́rùn mi lọ́jọ́ Ajé."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Ó ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tún yíwọ́, ẹ̀yin náà ni màá ké pè."

Bàbá Aago kò mọ bó ṣe dé ilé. Ó ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn létí: ẹ̀jẹ̀ méjì ni mo jẹ ẹgbẹ́. Ó ka àwọn ọmọ ìyá rẹ̀. Onígbàjámọ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ó wá mọ ẹni tí yóò jẹ́ èkejì.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá iwájú, láàárín àwọn aago. Sípírin wà lórí àga. Ìyá Ẹlẹ́yin ti dé ẹnu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò pè é.

"Kí lò ń lọ ṣe nílé Tíṣà?" ni Bàbá Aago bi ìyàwó.

Obìnrin náà ta gìrì. "Ẹ tẹ̀lé mi ni?"

"Dá mi lóhùn."

"Ẹgbẹ́ ni, Bàbá."

"Ẹgbẹ́ kí ni? Ẹgbẹ́ kí ni wọ́n ti ń jẹ ẹ̀jẹ̀ ní gbèsè? Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ! Mo wà lábẹ́ fèrèsé!"

"Yéè!" ni Ìyá Ẹlẹ́yin ké, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Ṣé mo sọ àbí n ò sọ?"

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ. Ẹ tú mi sílẹ̀ nínú ìlérí yìí, kí n lè sọ̀rọ̀."

Sípírin la ẹnu. Ó rí Ìyá Ẹlẹ́yin ní ẹnu ọ̀nà, ó rí àwọn orí méjì mìíràn tó ti yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún ẹnu pa dé. Nígbà tí ó máa sọ̀rọ̀, ohun tó sọ burú ju ìdákẹ́jẹ́ lọ.

"Láti ìgbà tí mo ti ń lo oògùn yẹn," ó wí jẹ́jẹ́, "ọwọ́ mi ń tutù. Ó sì ń rẹ̀ mí."

Bàbá Aago na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. Ojú obìnrin náà yí padà. Kò sunkún mọ́. Ó wọlé lọ kó aṣọ díẹ̀ sínú àpò, ó jáde, ó sì gbé agolo súìtì náà ka orí tábìlì níwájú Bàbá Aago.

"Èmi ni kí ẹ lé, Bàbá. Ẹ má lé oògùn yìí. Hóró kan láàárọ̀, hóró kan nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kan kò gbọdọ̀ kọjá tí kò ní lò ó. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Ó gba àárín àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà kọjá, wọ́n sì ń fà sẹ́yìn kí aṣọ rẹ̀ má bàa kàn wọ́n.

Kò tíì dé ìkòríta tí Bàbá Aago fi da gbogbo oògùn náà sínú ṣáláńgá.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lọ́jọ́ kejì, ó ti di mẹ́rìnlélọ́gọ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ó lé ní àádọ́rin. Ọwọ́ Sípírin ń móoru. Lọ́jọ́ kẹfà, ó pé mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, Bàbá Aago sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àbúrò rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti yí i padà. Ó ti gba àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyá Ẹlẹ́yin gbé ẹyin mẹ́fà wá fún wọn, ó ní kí Sípírin máa fi gbé ara ró. Àwọn ènìyàn ń yà wá kí i. Sípírin ń dá wọn lóhùn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti lọ, á kọjú sí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé níbi tí okùn aṣọ wà lófìfo.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án, Sípírin ti ilé ẹ̀yìn bọ̀, ó di ògiri mú. Ó ní ìgbẹ́ òun dúdú bí ọ̀dà. Bàbá Aago gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó kà á. Méjìdínlọ́gọ́fà. Ó ń sáré, kò sì ní agbára, bí ẹni pé ó ń sá fún nǹkan. Fún ìgbà àkọ́kọ́, iye tó kà kò yé e.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Sípírin wí, "ẹ pe ìyàwó mi fún mi."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ẹ̀jẹ̀ dé.

Bàbá Aago sáré jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Ìyá Ẹlẹ́yin ń bi í ohun tó ṣẹlẹ̀, kò dúró. Ilé Tíṣà, níbi tí ìyàwó sá lọ láti ọjọ́ náà, ló forí lé, tààrà. Orúkọ kan kò wá sí i lọ́kàn yàtọ̀ sí ti obìnrin tó lé jáde. Ó bá a níbi tó ti ń fọṣọ, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò ní láti sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ̀jẹ̀ wà lára síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Nínú ọkọ̀, ìyàwó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó yí i sí ẹ̀gbẹ́. "Ìgbà wo ló lò ó kẹ́yìn?"

Bàbá Aago yí ojú sí fèrèsé ọkọ̀.

"Bàbá, mo ní ìgbà wo?"

"Ọjọ́ tí o lọ."

Ó retí pé yóò pariwo mọ́ òun, ìbá sì dùn mọ́ ọn. Obìnrin náà kàn di orí náà mú ṣinṣin, ó ń ka ọjọ́ lórí ìka rẹ̀ bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń mì.

Dókítà tó gbà wọ́n jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Wọ́n gún Sípírin lábẹ́rẹ́ lápá méjèèjì, omi ń wọ apá kan, oògùn tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ fún ń kán wọ apá kejì. Nọ́ọ̀sì kan jáde, ó ní àpò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó bá tirẹ̀ mu ló kù, mẹ́ta ni yóò lò, ó kéré tán, wọn kò sì lè ti ẹ̀rọ bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ tó báyìí.

"Ẹ gba tèmi," ni Bàbá Aago wí. Ó ti ká ọwọ́ rẹ̀ sókè. "Ìyá kan náà ló bí wa. Ẹ gbà á tán bó bá ṣe pé yóò tó o."

Wọ́n fa díẹ̀ lára rẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tó jókòó sí ló wà tó fi rí àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń wọlé kánkán. Tíṣà ló ṣáájú. Kò mọ ojú àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn wọn.

"Ta ló kàn?" ni Tíṣà bi wọ́n.

"Èmi ni," ni obìnrin kan tó sanra dáhùn, ó sì ti ń bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀. Òmíràn tẹ̀lé e. Ìyàwó Sípírin fẹ́ dìde, nọ́ọ̀sì dá a dúró, ó ní ọjọ́ Ajé ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ẹlòmíràn ní tirẹ̀, wọn kò lè gba òmíràn.

Bàbá Aago bi Tíṣà léèrè. "Irú ẹgbẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Bàbá, àwa tí a ní aláìsàn nílé ni. Ẹ̀jẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà wà níbí. Àjọ la dá. Bó bá kan tèmi lónìí, ẹlòmíràn á fún mi, nígbà tí ara mi bá padà, èmi náà á dá a padà fún ẹni tó kàn. Ẹ̀jẹ̀ méjì tí wọ́n fún àbúrò yín nígbà àkọ́kọ́, látọ̀dọ̀ wa ló ti wá."

Nígbà náà ni nọ́ọ̀sì padà dé. Ó ní, "Bàbá, a ò lè lo tiyín." Ó ní kòkòrò àìsàn kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń jẹ ẹ̀dọ̀ run díẹ̀díẹ̀, kí ó má fòyà, dókítà yóò bá a sọ̀rọ̀. Bàbá Aago ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ wálẹ̀. Wọ́n gbé àpò ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó sanra náà kọjá níwájú rẹ̀, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, wọ́n sì gbé e wọ yàrá tí àbúrò rẹ̀ wà.

Ó tó wákàtí méjì kí dókítà tó jáde. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

"Ó dúró," ó wí. "A ti ẹ̀rọ tó ní iná lórí wọ inú ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, a rí ibi tó ti bẹ́. A fi rọ́bà kéékèèké so ó pa, lójú ibi márùn-ún."

Ó fi ọwọ́ ya á fún wọn lórí ìwé. Ẹ̀dọ̀ Sípírin ló ti le bí òkúta, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó gba inú rẹ̀ kọjá kò rí ọ̀nà mọ́. Ó wá ń gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́, ó ń rọ́ wọ inú àwọn iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà ní ọ̀nà ọ̀fun, wọ́n ń wú, wọ́n ń wú, títí ọ̀kan á fi bẹ́. Ó ní kì í ṣe ọtí nìkan ló ń fa irú rẹ̀. Kòkòrò yẹn ni, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọjọ́ tí ìyá wọn bí wọn ni wọ́n ti kó o lára rẹ̀, láìjẹ́ pé òun náà mọ̀.

"Onígbàjámọ̀," ni Bàbá Aago wí. "Àbúrò mi tó kú. Òun náà bi ẹ̀jẹ̀."

Dókítà mi orí. "Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun kan náà. Ẹ pẹ̀lẹ́." Ó wá wo ìyàwó. "Oògùn ńkọ́? Mo ti sọ pé ẹ má dá a dúró lójijì. Òun ló ń dín agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti àwọn iṣan yẹn kù."

Ìyàwó ń wo ilẹ̀. Ó tún ń bo àṣírí ẹlòmíràn.

"Èmi ni mo dà á nù," ni Bàbá Aago wí. "Ọkàn rẹ̀ ń falẹ̀. Mo kà á. Méjìdínlọ́gọ́ta."

"Ẹ kà á?" Dókítà gbé ojú sókè. "Bàbá, ibẹ̀ gan-an la fẹ́ kó wà."

Bàbá Aago jókòó.

Lọ́jọ́ kẹta, Sípírin lajú dáadáa. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ó ní ojú ló ń ti òun, pé òun kò fẹ́ kí ará àdúgbò gbọ́ pé ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òun, kí wọ́n wá máa pe òun ní ọ̀mùtí, tàbí kí wọ́n má gbé aago wọn wá fún òun mọ́. Nítorí náà ni òun ṣe ní kó da oògùn sínú agolo, kí ó sì sun páálí, nítorí orúkọ àìsàn wà lára rẹ̀. Ìyàwó ń gbọ́, kò sì gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Aago dúró dè é ní ọ̀ọ̀dẹ̀. "Ìyàwó, mo ṣẹ̀ ọ́. Padà sílé. Mo bẹ̀ ọ́."

"Mi ò bá yín jà, Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ẹ̀." Ó ti rẹ̀ ẹ́ débi pé ó fara ti ògiri. "Ṣùgbọ́n mi ò lè wọ ilé yẹn. Dókítà ní á ṣì máa padà wá so àwọn iṣan yẹn, ó lè pẹ́ láyé, ó sì lè má pẹ́. Ọjọ́ tó bá kú, bó jẹ́ ogún ọdún sí i, èmi ni wọ́n máa mú. Ẹ̀yin lẹ fi ẹnu ara yín sọ ọ́ ní gbangba. Àwọn tó gbọ́ ọ, wọn ò sí níbí."

Bàbá Aago wọ ọkọ̀ padà sílé nírọ̀lẹ́ náà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti pé sí ìdí àtẹ Ìyá Ẹlẹ́yin, wọ́n ń retí rẹ̀. Wọ́n ní báwo ni Sípírin.

"Ó yè," ó wí. Ó sì dúró láàárín wọn, ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ti ẹ̀dọ̀, ti iṣan tó bẹ́, ti rọ́bà, ti àwọn obìnrin tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn dá àjọ. Ó sọ ti aago ẹlẹ́yẹ pẹ̀lú. Ó sọ pé òun náà ní kòkòrò yẹn lára, òun kò sì fi pamọ́. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, ẹnikẹ́ni kò já a lẹ́nu.

Ìyá Ẹlẹ́yin mi orí, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é tọkàntọkàn. "Ó mà ṣe o, Bàbá Aago. Wọ́n ti rí ẹ̀yin náà mú. Ohun tí wọ́n kọ́ yín lẹ̀ ń sọ yìí."

Àwọn yòókù kùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá Aago wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rí i pé kò sí àlàyé tí òun lè ṣe tó kù, àti pé bí òun bá wọlé báyìí, obìnrin yẹn kò ní padà wá mọ́ láyé.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ fẹ́ àjẹ́ àbí? Ẹ gbọ́. Ta ló tọ́jú àbúrò mi tí ara rẹ̀ fi ń yá? Ìyàwó rẹ̀ ni. Ta ló lé ìyàwó náà jáde? Èmi ni. Ta ló da oògùn rẹ̀ sínú ṣáláńgá, tó jókòó tì í ní ọjọ́ mẹ́sàn-án, tó ń kà á, tó ń rẹ́rìn-ín, títí ẹ̀jẹ̀ fi tú jáde lẹ́nu rẹ̀? Ọwọ́ mi yìí ni. Níbi tí ẹ bá ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí láti òní lọ, bí ẹ bá dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ àjẹ́, orúkọ tèmi ni kí ẹ dá."

Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ láìdágbére. Ìyá Ẹlẹ́yin wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì rọra fa àtẹ ẹyin rẹ̀ kúrò nítòsí ibi tí Bàbá Aago dúró sí.